Kọ̀ǹpútà Tí Mo Pa àti Ẹyin Adìẹ Màámi

                                                  Ojúlé Kẹsàn-án,
                                                  Òpópónà Arówólò,
                                                  Agbowó,
                                                  Ìbàdàn.
                                                  Ọjọ́ Ẹtì, 15 Oṣù Kọkànlá, 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Ìyá Bọ́láwùmí,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Agbowó níhìn-ín o. Ẹ kú ojúmọ́, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìmúra ìyàwó. Ṣé ẹsẹ̀ yín ọ̀tún ti ń gba bàtà wọ̀ báyìí? Ṣé ẹ ń fi òróró tí mo fi rán Sùlàímọ́nù sí yín pa á, àbí ẹ ti gbé e fún ẹlòmíràn gẹ́gẹ́ bí ìṣe yín? Bàbá Bọ́láwùmí ńkọ́, ṣé ikọ́ náà ti fi wọ́n sílẹ̀? Bọ́láwùmí fúnra rẹ̀ ńkọ́? Mo mọ̀ pé kò ní jẹ́ kí etí yín sinmi mọ́ látìgbà tí wọ́n ti dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí gbogbo wa fojú rí ọjọ́ náà. Ní tiwa níhìn-ín, ara le, a dúpẹ́. Olúwaníyì ọmọ yín ti ga débi pé ṣòkòtò tí ẹ rà fún un lọ́dún Àjíǹde kò dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́.

Ẹ ó ti máa wò ó pé kí ló dé tí mo ń kọ lẹ́tà nígbà tó jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ àná ni a sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ohun tó fà á ni pé láti ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni mo ti ń purọ́ fún yín lórí fóònù náà. Lójoojúmọ́ ni ẹ ń béèrè pé àwọn ẹyin Màámi ńkọ́, lójoojúmọ́ ni mo sì ń dáhùn pé dáadáa ni wọ́n wà. Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò mọ̀ bóyá dáadáa ni wọ́n wà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gbìyànjú láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbọ́ ohùn yín, ọ̀rọ̀ náà á padà sínú. Ìwé kì í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ènìyàn lẹ́nu, òun ni mo ṣe sá tọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó máa kà á lọ.

Ẹ rántí ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ẹ kó wọn rán sí mi. Mo ti wà ní gáréèjì Ojoo kí mọ́tò Sùlàímọ́nù tó wọlé. Gbogbo èrò ló sọ̀ kalẹ̀ tán kí ó tó fa bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà náà yọ lábẹ́ ìjókòó tirẹ̀ gan-an. Ó ní láti Ìgbòho ni òun kò ti lè sáré bó ṣe wu òun, nítorí ẹ ti kìlọ̀ pé bí ẹyin kan bá fọ́, òun kò gbọdọ̀ gba iwájú ilé yín kọjá mọ́. Mẹ́tàdínlógún ni mo kà jáde nínú èlùbọ́ tí ẹ tò wọ́n sí, kò sì sí ìkankan tó sán. A ti jẹ èlùbọ́ náà tán, ó dára púpọ̀, ẹ ṣeun.

Mo mọ ohun tí mo gbé lé itan nínú mọ́tò láti Ojoo dé Agbowó lọ́jọ́ náà. Nígbà tí àrùn lúkúlúkú wọ ọgbà yín, tó gbá gbogbo adìẹ lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹyin mẹ́tàdínlógún yìí nìkan ló kù nínú ìran adìẹ abọ́lọ́rùn Màámi. Ẹ rántí bí àwọn ará ilé ṣe máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ọrùn wọn tí kò níyẹ̀ẹ́, tí wọ́n á ní adìẹ tiwa ti bẹ̀rẹ̀ sí í múra ọbẹ̀ kí á tó gbé omi kaná. Síbẹ̀, kò sí ìyàwó tó wọlé wa, kò sì sí ọmọbìnrin tó ti ibẹ̀ lọ sílé ọkọ, tí Màámi kò mú àgbébọ̀ abọ́lọ́rùn kan lé lọ́wọ́. Wọ́n á ní ẹni tó bá ní adìẹ lẹ́yìnkùlé, kì í dá wà nílé ọkọ. Ẹ̀yin gba tiyín, ẹ sì sìn ín di púpọ̀. Èmi gba tèmi, mo ní ilé Ìbàdàn kò gba adìẹ, mo fi í sílẹ̀ fún yín bí ẹni gbé ẹrù lé alábàárù. Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí gan-an nísinsìnyí.

Nígbà tí Màámi ń lọ, wọn kò dárúkọ ilẹ̀, wọn kò sì dárúkọ aṣọ. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n di ọwọ́ yín mú tí wọ́n ní, “Àdùnní, má jẹ́ kí ìran adìẹ mi parun.” Bọ́láwùmí náà sì ń retí tirẹ̀ ní oṣù kìíní.

Èmi ni mo fi ẹnu ara mi bẹ̀ yín pé kí ẹ kó ẹyin náà wá. Adìẹ tí ì bá sàba lé wọn ti kú, mo sì ń fọ́nnu fún yín pé Bàbá Olúwaníyì ní àpótí ìsàba kékeré kan tó ń ṣe iṣẹ́ adìẹ láìjẹ àgbàdo. Ẹ béèrè pé bí iná bá lọ ńkọ́? Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní bátìrì kọ̀ǹpútà mi wà.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ títẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì ni mò ń jẹ. Bí iná bá lọ lójijì nígbà tí mo bá tẹ ogójì ojú ìwé tí mi ò tíì fi pamọ́, ẹkún ni. Ìyẹn ni mo ṣe ra àpótí bátìrì tí wọ́n ń pè ní UPS, tó máa ń gbé kọ̀ǹpútà dúró bí iná bá lọ. Ọ̀gbẹ́ni tó tà á fún mi ní Dùgbẹ̀ fara balẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi dáadáa, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ihò márùn-ún ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti kọ̀ǹpútà, òun ni olórí. Ọ̀kan ń dá dúró, ohunkóhun tí ènìyàn bá kì bọ̀ ọ́ kò ní kú àfi bí bátìrì bá tán. Mẹ́ta tó kù ní àwọ̀ ewé létí, wọ́n ń wo ojú kọ̀ǹpútà ni. Bí kọ̀ǹpútà bá ti kú tàbí tó sùn, àwọn náà á pa ara wọn, kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti àwọn yòókù má baà máa mu iná lásán nígbà tí ẹnikẹ́ni kò lò wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n mi, inú mi dùn sí ihò mẹ́ta wọ̀nyẹn bí ẹni rí ọmọ ọ̀dọ̀ tó gbọ́ràn. Ẹ mọ ìwà mi. Nínú ilé yìí, “Ìyá Pa-á” ni ọkọ mi ń pè mí. N kì í jáde kí n má yí gbogbo ilé po, kí n pa fáànù, kí n pa tẹlifíṣọ̀n, kí n tún padà wá fọwọ́ kan sọ́kẹ́ẹ̀tì bóyá wọ́n ti kú lóòótọ́. Ọ̀dọ̀ Màámi náà ni mo ti kọ́ ọ. Ẹ rántí bí wọ́n ṣe máa ń rẹ àtùpà wálẹ̀ bí a bá ti jẹun tán, tí wọ́n á ní kẹrosíìnì tó ń jó níbi tí ènìyàn kò sí, àlejò tí a kò pè ló ń mu ún.

Inú ihò tó ń dá dúró ni mo kọ́kọ́ kì àpótí ìsàba bọ̀. Ṣùgbọ́n púlọ́ọ̀gì rẹ̀ sanra, ó ń ti púlọ́ọ̀gì kọ̀ǹpútà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ojú kọ̀ǹpútà sì ń ṣẹ́. Ní ọjọ́ kejì, mo yọ ọ́, mo kì í bọ ọ̀kan nínú àwọn aláwọ̀ ewé. Iná rẹ̀ tàn, ooru rẹ̀ pé, mo sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà pátápátá, torí láti àárọ̀ títí di alẹ́ ni kọ̀ǹpútà mi ń ṣiṣẹ́, bí mo bá sì ń lọ sùn, títàn ni mo ń fi í sílẹ̀, nítorí iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀. Kò sí ohun tó rán mi létí.

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, ọjọ́ kẹtàlá tí wọ́n wọ inú àpótí, yíǹkì ìtẹ̀wé mi tán, mo sì ní láti dé Dùgbẹ̀. Bí mo ṣe ń wá gèlè ni wọ́n mú iná lọ. Aago mẹ́sàn-án ti lé díẹ̀. Bàbá Olúwaníyì ti lọ síbi iṣẹ́. Mo wo àpótí, ó ń tàn lórí bátìrì. Mo wo kọ̀ǹpútà, òun náà ń tàn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ronú bí ọlọ́gbọ́n. Mo ní kọ̀ǹpútà yìí ló ń mu bátìrì jù, bí mo bá pa á, gbogbo agbára tó kù á jẹ́ ti ẹyin Màámi títí iná á fi dé. Mo padà, mo pa á pẹ̀lú ọwọ́ ara mi. N kò tún bojú wẹ̀yìn wo àpótí. Mo ti ilẹ̀kùn, inú mi sì dùn lọ sí Dùgbẹ̀ pé mo jẹ́ ẹni tó ní àmójútó.

Ìlà gùn níbi tí mo ti ra yíǹkì, mọ́tò sì há sójú ọ̀nà Mọ́kọ́lá nígbà tí mò ń bọ̀. Aago mẹ́ta kọjá kí n tó wọlé. Bí mo ti ṣí ilẹ̀kùn, fáànù pálọ̀ ń yí. Mo ti gbàgbé láti pa á nígbà tí iná lọ. Àyà mi balẹ̀, mo ní iná ti dé, ẹyin ti bọ́. Mo ṣí yàrá iṣẹ́ mi. Àpótí ìsàba dúdú.

Ẹ̀gbọ́n mi, n kò lè ṣàpèjúwe bí ara mi ṣe rí. Mo kọ́kọ́ rò pé iná inú rẹ̀ ló jó. Mo ń gbọ̀n ọ́n, mo ń fọwọ́ lù ú. Ìgbà tí mo tẹ kọ̀ǹpútà pé kó tàn, tí àpótí náà sì tàn pẹ̀lú rẹ̀, ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀gbẹ́ni Dùgbẹ̀ padà sí mi létí. Gíláàsì tí a fi ń wọn ooru inú rẹ̀, tó yẹ kó wà ní mẹ́tàdínlógójì àti ààbọ̀, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo bá lójú rẹ̀. Mo fọwọ́ kan ẹyin kan. Kò tutù, kò sì gbóná, ó kàn wà bí ẹyin tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lọ́jà. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún.

Ohun tó dùn mí jù ni mo gbọ́ lẹ́nu Kaosarah. Akẹ́kọ̀ọ́ ni, yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, ìmọ̀ nípa ẹran ọ̀sìn ló sì ń kà ní Yunifásítì. Ó ní iná kò lọ ju ogójì ìṣẹ́jú lọ lọ́jọ́ náà. Bátìrì mi ì bá gbé kọ̀ǹpútà àti ẹyin pọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú láìmí kanlẹ̀. Ká ní mo jáde lọ láìfọwọ́ kan nǹkan kan, bí ọ̀lẹ, bí ẹni tí Màámi kò kọ́ ní ìwà, kò ní sí ohun tó ṣe ẹyin náà. Iná wà nílé láti aago mẹ́wàá, gbogbo Agbowó ń lò ó, adìẹ Màámi nìkan ni kò rí i lò.

Kaosarah gbìyànjú láti tù mí nínú. Ó ní, “Mummy, ẹ jẹ́ ká ní sùúrù first. Adìẹ gan-an máa ń dìde lórí ẹyin lọ jẹun, ẹyin ẹ̀ kì í kú.” Mo bi í pé, wákàtí mélòó ni adìẹ fi ń jẹun?

Nígbà tí Bàbá Olúwaníyì dé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọn kò bá mi jà, ìyẹn ló tilẹ̀ jẹ́ kí ó burú sí i. Wọ́n yọ púlọ́ọ̀gì àpótí, wọ́n fi ọ̀bẹ gé díẹ̀ kúrò lára rọ́bà tó jẹ́ kó sanra, wọ́n sì kì í padà bọ ihò tó ń dá dúró. Ìṣẹ́jú méjì ni iṣẹ́ tí mo ti ń sá fún láti ọjọ́ kejì gbà. Ìrọ̀lẹ́ yẹn náà ni ẹ pè. Wọ́n gbọ́ mi bí mo ṣe ń sọ fún yín pé dáadáa ni. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n ní, “Ìwọ lo máa fẹnu ara rẹ sọ fún wọn. Mi ò ní bá ọ parọ́ fún Ẹ̀gbọ́n.” Láti ìgbà náà, bí fóònù bá ti dún lágogo márùn-ún, bàlùkóní ni wọ́n máa ń bọ́ sí.

Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò pa irọ́ náà nítorí pé ẹ̀rù yín ń bà mí. Ẹ kò na èmi rí láyé yín. Mo pa á torí pé ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá béèrè, ó dà bíi pé ìyá wa ló ń béèrè. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi kò tíì lọ ju ọjọ́ méje, ó sì ti rẹ̀ mí.

Kọ̀ǹpútà mi kò tíì sùn láti ọjọ́ náà. Mo mọ̀ pé ihò tí àpótí wà nísinsìnyí kò ní nǹkan kan í ṣe pẹ̀lú rẹ̀ mọ́, wọ́n ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi títí, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò gbà. Ó ń tàn láàárọ̀, ó ń tàn lálẹ́, kò sí iṣẹ́ tó ń ṣe. Bí ojú rẹ̀ bá fẹ́ ṣú, Olúwaníyì á sáré lọ fọwọ́ kan án kí ó lajú. Ọkọ mi ní Ìyá Pa-á ti di Ìyá Tàn-án. Mo rẹ́rìn-ín sí èyí, àmọ́ inú mi kò dùn. Iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń falẹ̀, ojú ìwé kan náà ni mo tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì fún ọmọ kan lọ́jọ́ Ajé, tí mo sì gbé e fún un bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún, Kaosarah ní ó tó àkókò láti yẹ ẹyin wò. Láti ìgbà tí wọ́n ti pé ọjọ́ méje ni ó ti yọ mẹ́ta tí kò ní nǹkan kan nínú rárá, mo sọ ìyẹn fún yín, òótọ́ sì ni. Ó ku mẹ́rìnlá. A ti fèrèsé, a da ìró Màámi tó wà lọ́wọ́ mi bo orí ara wa kí ibẹ̀ lè ṣókùnkùn, Kaosarah sì ń fi iná fóònù rẹ̀ sábẹ́ ẹyin lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo di ojú mi. Mo ní kí ó máa kà á fún mi. Ó sọ pé mẹ́sàn-án ń mira. Ó pẹ́ lórí àwọn tó kù, ó ń yí wọn, ó ń sún mọ́ wọn, ó wá ní òun kò lè sọ. Ìró náà ṣì ń rùn bí inú àpótí aṣọ wọn. Abẹ́ rẹ̀ ni mo ti pinnu pé n ó kọ̀wé sí yín.

Ní àárọ̀ òní, ogúnjọ́ wọn, mo rí ohun kan lára ẹyin tó wà ní igun apá òsì. Ó kéré, kò ju orí èèrùn lọ, ó dà bí ẹni pé ibẹ̀ sán. Mi ò mọ̀ bóyá ọmọ inú rẹ̀ ló ń kanlẹ̀kùn, àbí èmi ni mo fi èékánná gbá a nígbà tí mò ń da omi sínú àwo abẹ́ wọn. Mo ti dúró tì í láti aago méje. Kaosarah ti lọ sí kíláàsì, kò sì sí ẹni tí mo lè bi. Kò tíì fẹ̀ sí i títí tí mo fi ń kọ ìlà yìí.

Bí wọn kò bá pa, Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má wá ẹni tó jẹ̀bi nínú mọ́tò tàbí nínú àrùn tàbí lọ́dọ̀ ẹni tó ta bátìrì. Èmi ni. Mo fẹ́ dáàbò bò wọ́n ju bó ti yẹ lọ, ọwọ́ tí mo fi ń dá iná sí ni mo fi pa tiwọn. Ẹ bá mi bẹ Bọ́láwùmí. Ẹ sì bá mi dé ibojì Màámi bí ẹsẹ̀ yín bá gbà, kí ẹ sọ fún wọn pé Ìrètí ní kí wọ́n má bínú.

Ẹ kí Bàbá Bọ́láwùmí fún mi, ẹ kí ìyàwó ojú ọ̀nà wa. Bàbá Olúwaníyì ní kí n kí yín, wọ́n sì ní inú àwọn dùn pé mo ti kọ ọ́. Olúwaníyì ní òun fẹ́ wá kí yín nígbà ìsinmi.

Ọ̀la ni ọjọ́ kọkànlélógún, ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n pa. Mo fẹ́ sáré gbé lẹ́tà yìí dé Ojoo nísinsìnyí kí Sùlàímọ́nù lè bá mọ́tò àkọ́kọ́ òwúrọ̀ ọ̀la gbé e lọ, yóò sì tẹ̀ yín lọ́wọ́ kí oòrùn tó yẹ àtàrí. Bí ẹ bá kà á tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí. Ẹ má béèrè lọ́wọ́ mi pé báwo ni wọ́n ṣe wà, torí n kò ní dáhùn mọ́. N ó ṣí àpótí náà díẹ̀, n ó gbé fóònù tì wọ́n, ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀, ẹ̀yin ni ẹ ó fi etí ara yín gbọ́ ọ.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ gbé pọ̀n,

Ìrètíolúwa